Ẹ̀rọ tí ń Dá Tẹ Àwòrán sí Aṣọ: Ǹjẹ́ Kí A Rà Á?



Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn ni lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Ìsọlọ̀. Aya ilé kan ni ó kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò dúró. Ọkọ rẹ̀ àti àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, ni ó jọ ń ṣe iṣẹ́ títẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ sí ara aṣọ, iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní síkírìnì. Ilé-iṣẹ́ wọn wà ní òpópó kékeré kan láàrin Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ọmọ iṣẹ́ 6 ni wọ́n sì ní. Ẹ̀wù àjọ̀dún ìjọ, ẹ̀wù eré ìdárayá ilé-ìwé, ẹ̀wù ìrántí òkú àgbà, àpò tí a ń pín níbi ìgbéyàwó, àti ẹ̀wù àwọn olóṣèlú nígbà ìdìbò, gbogbo wọn ni wọ́n ń tẹ̀.

Ẹnìkan ti wá bá wọn, ó sì ti fi ẹ̀rọ tuntun kan lọ̀ wọ́n, èyí tí ń dá tẹ aṣọ fúnra rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí ó ń rántí gbogbo iṣẹ́ tí a ti ṣe rí, tí ó sì ń ránṣẹ́ iye ẹ̀wù tí ó ti tẹ̀ sí orí fóònù ọ̀gá níbikíbi tí ó bá wà. Àbúrò fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Ìkòròdú, kí wọ́n sì yá ìyókù owó náà ní báǹkì. Ẹ̀gbọ́n sọ pé ilẹ̀ bàbá òun kì í ṣe ohun tí a ń fi ra irin. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn méjèèjì kò ti jọ jẹun mọ́. Obìnrin náà wá kọ ọ́ báyìí pé: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni mo ń bẹ̀rù. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí ọmọ ìyá méjì má baà pín yà nítorí irin.”

Mi ò lè jókòó sórí àga mi kí n dáhùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe akọ̀wé nídìí ìwé owó, ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ mi ni pé ohun tí ẹnu ń sọ àti ohun tí ìwé ń sọ kì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Nítorí náà ni mo ṣe lọ wo ẹ̀rọ náà ní ibi tí wọ́n ti ń tà á, mo sì tún lọ jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà, pẹ̀lú aago àti ìwé kékeré lọ́wọ́.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹ̀yin tí kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa bí ó ti dà bí ẹni pé ó jẹ́. Àwọn àgbà tí ó mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò rántí pé ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé bátànì lára páànù pẹlẹbẹ, wọn a tẹ́ ẹ lé orí aṣọ funfun, wọn a sì fa ẹ̀kọ láfún kọjá lórí rẹ̀. Ibi tí bátànì bá ṣí sílẹ̀ ni ẹ̀kọ ń gbà dé ara aṣọ; ibi tí ẹ̀kọ bá sì dé, aró kì í wọ ibẹ̀. Síkírìnì kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí. Àwọ̀n tín-ín-rín ni a nà sára férémù. A fi oògùn kan pa á, èyí tí ó máa ń le bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Ibi tí àwòrán bá wà, ìmọ́lẹ̀ kò dé ibẹ̀, omi yóò sì fọ oògùn ibẹ̀ dànù. A ó wá fi ọ̀pá onírọ́bà fa tàdáwà lórí àwọ̀n náà, yóò sì gba ojú ihò wọnnì dé ara ẹ̀wù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀kọ ń dí aró lọ́nà, ṣùgbọ́n tàdáwà fúnra rẹ̀ ni àwọ̀ tí a ń fẹ́. Bí àwòrán bá ní àwọ̀ mẹ́rin, férémù mẹ́rin ni yóò ní, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu géérégé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, imú yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ etí.

Ní ọdún 1907 ni ará Manchester kan tí ń jẹ́ Samuel Simon gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1969, Michael Vasilantone, ará Amẹ́ríkà, gba ti ẹ̀rọ tí ń yí po, tí ó lè fi ọ̀pọ̀ àwọ̀ sí ara ẹ̀wù kan lẹ́yìn ara wọn. Ọmọ-ọmọ ẹ̀rọ náà ni èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ará Ìsọlọ̀ lónìí.

Èyí tí mo rí ní apá 8, àwọ̀ 6 ni ó sì lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan dúró ní ìhà kan, ó ń fi ẹ̀wù wọ pátákó. Ẹ̀rọ náà yí, férémù sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá onírọ́bà lọ ó bọ̀, ó tún yí. Iná gbígbóná kan tàn sórí àwọ̀ àkọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí èkejì má baà dà mọ́ ọn. Ẹlòmíràn sì dúró ní ìhà kejì, ó ń bọ́ ẹ̀wù tí ó ti parí. Ẹ̀yin ará, mi ò ní purọ́, ó wu ojú. Mo dúró níbẹ̀ bí ọmọdé tí ó kọ́kọ́ rí ọkọ̀ ojú irin.

Ẹni tí ń tà á sọ fún mi pé ó lè tẹ ẹ̀wù 1,000 ní wákàtí kan. Mo bi í pé, “Ọ̀gá, èyí tí ẹ ń tẹ̀ lójú mi yìí ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín. A jọ fi aago wò ó: ẹ̀wù kan ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá 9. Ẹ pín in fún ara yín: wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3,600, bí a bá fi 9 pín in, 400 ni. Kì í ṣe pé ó purọ́. Ẹ̀rọ náà lè sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iná tí ń gbẹ àwọ̀ láàrin kò lè sáré, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ẹni tí ń wọ ẹ̀wù sí i kò lè sáré ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, kí ó fi aago tirẹ̀ wọn iṣẹ́ irú tirẹ̀, kí ó má ka ohun tí a kọ sí ara ìwé ìpolówó nìkan.

Nípa ètò kọ̀ǹpútà tí a so mọ́ ọn, tí wọ́n ń pè ní sọ́fítíwíà, mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ẹ̀rọ náà wà. Bí a bá ti tẹ iṣẹ́ kan tán, ó ń pa gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ mọ́: bí ọ̀pá ti gùn lọ tó, bí ó ti yára tó, iye ìgbà tí ó fa tàdáwà, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí iná fi tàn. Bí ìjọ náà bá padà wá lọ́dún tí ń bọ̀, a ó pe orúkọ iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ yóò sì tún ara rẹ̀ ṣe bí ti àtẹ̀yìnwá. Ó ń ka ẹ̀wù, ó ń kọ àkókò tí ó fi dúró lásán, àwọn tí ó kọ́ ọ sì lè ti òkè òkun wo àìsàn rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n mo béèrè ìbéèrè mẹ́ta tí ó mú kí ojú ẹni tí ń tà á yí padà díẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ǹjẹ́ ẹ̀rọ náà yóò máa ṣiṣẹ́? Owó ètò kọ̀ǹpútà náà, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san án, tàbí ọdọọdún, àti ní owó ilẹ̀ wo? Bí ẹ̀yin tí ẹ tà á bá kógbá kúrò ní Èkó, ta ni yóò fún wa ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí i? Ó dá mi lóhùn dáradára sí ti àkọ́kọ́. Sí ti èkejì, ó ní ọdọọdún ni, ní dọ́là. Sí ti ẹ̀kẹta, ó ní òun yóò béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ilé-iṣẹ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wa.

Láti Òṣòdì ni mo ti wọ ọkọ̀, ní àwọn ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019, mo sì dé ọ̀dọ̀ wọn kí oòrùn tó mú. Àbúrò gbà mí tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó já fáfá ni. Iyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀, “Akọ̀wé” ni ó ń pè é, gẹ́gẹ́ bí àwọn aya ilé ti ń fún àbúrò ọkọ ní orúkọ, nítorí òun ni ó mọ kọ̀ǹpútà nínú ilé. Ó sọ fún mi pé, “Bàbá, ní oṣù tí ó kọjá nìkan, iṣẹ́ 4 ni a dá padà nítorí a kò lè parí rẹ̀ lásìkò. Ọwọ́ wa kò ká a. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè gbà wá.” Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ó ń po tàdáwà.

Iyàwó wá gbé ìwé kan jáde lábẹ́ tábìlì, ìwé ọmọ ilé-ìwé lásán, tí ó ti ń kọ gbogbo iṣẹ́ tí ó wọlé sí fún oṣù 14. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó kọ ọ́. Mo sọ fún yín, ẹ̀yin olùkà mi, mo ti rí ìwé owó ní ọ́fíìsì ńlá tí kò mọ́ tó ìwé obìnrin yìí. A jọ ṣí i, a kà á, ohun tí a sì rí nìyí: bí oṣù kan bá san, tí èkejì kò san, nǹkan bí ẹ̀wù 2,000 ni ó ń wọlé lóṣù, nínú iṣẹ́ bí 40, èyí tí ó fi hàn pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju ẹ̀wù 50 lọ.

Mo fi aago wọn iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Láti to férémù mẹ́rin kí wọ́n bára mu, ìṣẹ́jú 40. Láti tẹ ẹ̀wù aláwọ̀ mẹ́rin, ẹ̀wù 30 ní wákàtí kan. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹ̀wù 50 ń gba ìṣẹ́jú 40 ti ìpalẹ̀mọ́ àti ìṣẹ́jú 100 ti títẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 140. Iṣẹ́ 40 lóṣù yóò gba ìṣẹ́jú 5,600, èyí tí í ṣe wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 20. Ọjọ́ 24 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóṣù, wákàtí 9 lójúmọ́, wákàtí 216 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ẹ tún un kà! Tábìlì tí wọ́n sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò ká iṣẹ́, kò ṣiṣẹ́ tó wákàtí 4 lójúmọ́.

Nígbà tí mo kà á sókè, Akọ̀wé sọ pé mo ṣi ìṣirò. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ṣe é fúnra rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Kí ni ó wá ń jẹ wákàtí 5 yòókù? Gbogbo aláǹgbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Ní ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi jókòó, mo rí i. Èkíní, oòrùn ni wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí férémù. Ní ọjọ́ kejì òjò rọ̀, férémù mẹ́ta sì bàjẹ́, wọ́n sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì, tàdáwà olóróòro tí wọ́n ń lò gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 160 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kí ó tó di mọ́ aṣọ títí láé. Irin ìlọṣọ ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Okùn kún, àga kún, ẹ̀wù tútù wà níbi gbogbo, tábìlì sì ní láti dúró nítorí kò sí ibi tí wọn ó tẹ́ òmíràn sí. Bí wọ́n bá sì kánjú, ẹ̀wù kò gbóná tó, àwòrán yóò ṣí ní ìfọ̀ àkọ́kọ́. Ìjọ kan ti dá ẹ̀wù 80 padà fún wọn rí nítorí èyí. Ẹ̀kẹta, wọ́n kọ orúkọ olóògbé kan ṣì, nítorí orí fóònù ni wọ́n ti gbọ́ ọ, kò sí ẹni tí ó fi ìwé ránṣẹ́ kí oníṣẹ́ fi ọwọ́ sí i.

Nísinsìnyí, ẹ fi ọkàn yàwòrán rẹ̀ pé a gbé ẹ̀rọ ẹ̀wù 400 ní wákàtí kan sí àárín ilé yìí. Níbo ni 400 náà yóò ti gbẹ? Ẹni tí ẹnu ìgò rẹ̀ há, bí ó tilẹ̀ fi agbè dípò ife da omi sí i, ilẹ̀ ni omi yóò dà sí.

Mo ṣe ìṣirò ti ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Bí ìpalẹ̀mọ́ bá ṣì jẹ́ ìṣẹ́jú 40, títẹ ẹ̀wù 50 yóò gba ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀. Iṣẹ́ 40 yóò parí ní wákàtí 31 àti ìṣẹ́jú 40, ìyẹn ni pé láàrin ọjọ́ mẹ́rin péré. Ọjọ́ 20 yòókù nínú oṣù, ẹ̀rọ náà yóò dúró bí ère. Ṣùgbọ́n èlé owó báǹkì kì í dúró. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ pé mílíọ̀nù náírà 20 ni wọ́n yá, tí èlé sì jẹ́ náírà 30 lórí 100 lọ́dún. Mílíọ̀nù 6 ni èlé ọdún kan, 500,000 ni ti oṣù kan. Bí a bá pín in fún ẹ̀wù 2,000, náírà 250 ni lórí ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan, kí a tó san owó tàdáwà, kí a tó san owó iná, kí a tó dá kọ́bọ̀ kan padà lára owó tí a yá.

Mo sì ní láti sọ ti iná. Ẹ̀rọ yìí fẹ́ iná oní-fésì mẹ́ta, ó fẹ́ ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí ọ̀rinrin Èkó yóò di omi nínú ọ̀pá rẹ̀ yóò sì ba á jẹ́. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ẹ̀wù 8 wà lórí apá, gbogbo wọn lè di àkísà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ tí ń ṣàkóso iná gbé owó iná àwọn tí ó wà ní ìpele àkọ́kọ́, àwọn tí a ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́, kúrò ní nǹkan bí náírà 68 lọ sí 225 fún ìwọ̀n kan, wọ́n sì dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ti dọ́là tí a ó fi ra ohun èlò rẹ̀ nígbà tí ó bá bàjẹ́, kí a má gbàgbé pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí ó fi náírà pa owó tí ó sì fi dọ́là jẹ gbèsè, ó ń fi ẹsẹ̀ kan dúró nínú odò tí ń ṣàn.

Àwọn ará Ìsọlọ̀ kò nílò pé kí n lọ jìnnà kí n tó fi àpẹẹrẹ hàn wọ́n. Gbogbo wa ni a mọ ọjà Aswani, tí ń kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ibo ni orúkọ náà ti wá? Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá kan ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà. Ilé-iṣẹ́ ti lọ, orúkọ rẹ̀ ni ó kù fún àwọn tí ń ta aṣọ òkèèrè. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ wa ni ó ti kógbá sílé lọ́nà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò ní ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra. Iná tí kò dúró, epo tí ó wọ́n, àti aṣọ olówó pọ́ọ́kú tí ń wọlé láti òkèèrè ni ó borí wọn. Irin nìkan kì í gbé ilé-iṣẹ́ ró.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹ̀gbọ́n ni mo dá láre. Nígbà tí a jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ti òun ti àbúrò rẹ̀ ti iyàwó, òun náà gbọ́ tirẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹni tí ó bá sọ pé “láéláé” sí ohun tuntun, ó ti fi iṣẹ́ ńlá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ilé-ìwé kan bá wá pẹ̀lú ẹ̀wù 1,000, tábìlì ọwọ́ yóò gba wákàtí 34. Ẹ̀rọ yóò parí rẹ̀ ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10. Kò sí bí a ti lè fi agbára ọwọ́ bá ìyẹn jà. Àbúrò rí ohun tí ń bọ̀, ó sì rí i dáradára. Ó kàn fẹ́ gun igi láti orí ewé ni.

Ìmọ̀ràn tí mo fún wọn nìyí, mo sì fi í lélẹ̀ fún gbogbo ilé tí ó bá wà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ la ẹnu ìgò: kí wọ́n ra ẹ̀rọ ìgbẹ tí ẹ̀wù ń gba inú rẹ̀ kọjá lórí bẹ́líìtì, àti àpótí ìmọ́lẹ̀ fún férémù, kí òjò má tún jẹ́ ọ̀gá wọn mọ́. Owó méjèèjì kò tó owó ilẹ̀ bàbá wọn. Iṣẹ́ tí ó bá ju ẹ̀wù 500 lọ, kí wọ́n má dá a padà. Kí wọ́n gbé e lọ bá ẹni tí ó ti ní ẹ̀rọ náà, ní Ṣómólú tí àwọn atẹ̀wé kún tàbí níbòmíràn, kí wọ́n san owó fún un lórí ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dúró tì í kí wọ́n wo bí ó ti ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ó fi owó kékeré kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá. Kò sì sí orúkọ olóògbé, tàbí ti ìjọ, tàbí ti ìyàwó, tí a ó tẹ̀ láìjẹ́ pé oníṣẹ́ ti fi ọwọ́ sí àwòrán rẹ̀.

Ní ti kọ̀ǹpútà tí Akọ̀wé fẹ́ràn, mo bi í pé, “Ohun tí ẹ̀rọ náà ń rántí, ta ni ó ní kí ìwọ má rántí rẹ̀ láti òní lọ?” Àwọ̀n tí a lò, bí a ti po tàdáwà, iye ìgbà tí a fà á, bí ó ti gbóná tó, gbogbo rẹ̀ ni ó lè kọ sínú kọ̀ǹpútà tí ó ti wà nílé, kí ó sì kó ìwé oṣù 14 ti iyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dé lọ́jọ́ kan, yóò bá ilé tí ó ti mọ ìwọ̀n. Ilé tí kò mọ ìwọ̀n, kí ni kọ̀ǹpútà yóò rántí fún un, bí kò ṣe àṣìṣe rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ 6 ni ó kù. Ọ̀kan nínú wọn ti bi mí ní kọ̀rọ̀ pé, “Bàbá, bí ẹ̀rọ bá dé, ṣé wọn ó lé wa?” Nígbà tí Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1854, ó di ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 kí Ìwé Ìròyìn tó jáde. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn, iṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ náà. Ènìyàn ni a kọ́kọ́ ń tẹ̀, kí a tó tẹ ìwé. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kí wọ́n yan ọmọ méjì nínú 6 náà tí yóò kọ́ kọ̀ǹpútà láti ìsinsìnyí, kí ó má ṣe pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá wọlé ni àwọn tí wọ́n fi òógùn gbé ilé náà ró yóò jáde.

Kí ni wọ́n wá pinnu? Wọn kò ta ilẹ̀. Wọ́n fi ọdún kan sí i. Bí ìwé bá fi hàn lẹ́yìn ọdún náà pé tábìlì ọwọ́ méjì kún láti àárọ̀ di alẹ́ fún oṣù 6 léraléra, tí iṣẹ́ ńláńlá sì ń wá déédéé, wọn ó tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ sí i, àbúrò fi ọwọ́ sí i, iyàwó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Mi ò lè sọ pé inú Akọ̀wé dùn tán. Ọ̀dọ́ ni, ọdún kan gùn lójú ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde láti lọ, iyàwó ti gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, mo sì rí i pé abọ́ kan ni ó bu oúnjẹ sí fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n fa àga kan jáde. Àbúrò wò ó díẹ̀, ó sì jókòó.

Ẹ̀yin ilé tí ẹ ń gbèrò láti ra ohun ńlá, yálà ẹ̀rọ aṣọ, tàbí ẹ̀rọ ìlọta, tàbí ọkọ̀ akérò, ẹ wá ẹni tí ó ń kọ ìwé nínú ilé yín, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ti ẹni tí ń tajà. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìwé ọmọ ilé-ìwé kan àti bírò kan ti tó.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.